Kí Ẹ Tó Tú Iná Àjà

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ti parí iṣẹ́ àṣetiléwá yín, mo kí yín. Ẹ̀yin tí ẹ kò tí ì parí rẹ̀, ẹ fi ìwé sílẹ̀ díẹ̀ ná, kí ẹ wá gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Iná tí ó wà ní àjà ilé wa ni ọ̀rọ̀ mi dá lé ní alẹ́ òní. N kò sọ ti gílóòbù nìkan. Yíyọ gílóòbù tí ó ti jó àti kíki òmíràn bọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ wa ni ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni ìgbà tí a bá fẹ́ tú odidi iná náà kúrò lára àjà, ibi tí a ń ki gílóòbù bọ̀, ìdérí rẹ̀ àti ohun gbogbo, kí a lè fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ti àtijọ́ ti dípẹtà. Ó lè jẹ́ pé ìyá ilé lọ sí ọjà Ìkàrẹ́, ó rí ọ̀kan tí ó wù ú, ó rà á bọ̀. Baálé ilé yóò wò ó, yóò ní, “Èwo ni ti oníṣẹ́ iná nínú èyí? Wáyà méjì péré ni. N óò so ó fúnra mi.” Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Olùkọ́ ni mí, mo sì ti kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo lè ya àwòrán bátìrì, wáyà àti gílóòbù sí ara pátákó láìwo ìwé. Ní ọjọ́ Sátidé kan, nínú ilé tí a ń gbé ní Ọ̀bà-Àkókó níhìn-ín, mo gbé tábìlì sí àárín pálọ̀, mo gbé àga lé e, mo ní kí ọmọ mi bá mi di ẹsẹ̀ àga mú. Mo pa iná níbi súwíìṣì ara ògiri. Gílóòbù kú. Ọkàn mi balẹ̀. Mo gun òkè, mo tú ìdérí, mo fi ọwọ́ kan wáyà pupa.

Bí ó ti rí kò ṣe é ṣàlàyé fún ẹni tí kò tọ́ ọ wò rí. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi kùmọ̀ lù mí láti inú egungun apá wá. Iná náà jù mí nù. Mo já bọ́ láti orí àga, mo ṣubú lé tábìlì, tábìlì sì wó. Ọlọ́run ni ó yọ wá tí n kò fi ṣubú lu ọmọ náà mọ́lẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, apá ọ̀tún mi kò ṣe é gbé sókè láti kọ nǹkan sí pátákó. Ọmọ mi ní tirẹ̀ kò gbà láti dá wọ pálọ̀ náà fún ìgbà pípẹ́.

Kí ni ó fa á? Gílóòbù ti kú, súwíìṣì wà ní pípa, síbẹ̀ iná wà nínú wáyà. Ẹni tí ó so iná ilé náà ní ọjọ́ pípẹ́ sẹ́yìn ni ó gbé súwíìṣì sí ojú ọ̀nà tí kò tọ́, èmi náà kò sì yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó fi ọwọ́ kàn án. Àwọn àgbà ní ẹni iwájú tí ó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn sí kòtò. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́ ọgbọ́n.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀nà wa yìí ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo wa mọ̀ pé ọkọ̀ tí ó bá gbéra láti Ọ̀wọ̀, tí ó ń lọ sí Ìkàrẹ́, Ọ̀bà ni yóò gbà kọjá kí ó tó kan Àkùngbá. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé Ọ̀wọ̀ ni iná ti ń wá, Ọ̀bà ni gílóòbù, ọ̀nà Àkùngbá sì ni iná ń gbà jáde lọ. Kí iná tó lè ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà wọlé, kí ó sì rí ọ̀nà jáde. Wáyà tí ń gbé e wọlé ni àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní láìfù. Èyí tí ó ń gbé e jáde ni wọ́n ń pè ní níútírà. Súwíìṣì ni igi ìdènà tí àwọn ọlọ́pàá máa ń gbé dí ọ̀nà.

Wàyí o, bí a bá gbé igi ìdènà náà sí ìhà Ọ̀wọ̀, kí ọkọ̀ tó wọ Ọ̀bà, kò sí ọkọ̀ kan tí yóò wọ ìlú. Ojú títì yóò dá páropáro. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí súwíìṣì wà, ní ojú ọ̀nà láìfù. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sí ìhà Àkùngbá, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti wọ Ọ̀bà tán, ń kọ́? Òótọ́ ni pé ọkọ̀ kò ní í lè dé Ìkàrẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú Ọ̀bà yóò kún fún ọkọ̀ fọ́fọ́, gbogbo wọn yóò sì máa wá ọ̀nà àbáyọ. Bí ó ti rí nìyẹn nígbà tí súwíìṣì bá wà lójú ọ̀nà níútírà. Gílóòbù yóò kú, nítorí iná kò rí ọ̀nà jáde. Ṣùgbọ́n iná wà nínú wáyà níbẹ̀, ó ń dúró de ẹni tí yóò ṣí ọ̀nà fún un. Ní ọjọ́ Sátidé yẹn, ara tèmi ni ó gbà jáde.

Ẹ má ṣe rò pé iná ilé kéré. 230 fóòlùtì ni ìwọ̀n iná tí ń wọ ilé wa. Bí iná tí ó tó 0.03 áńpíà bá gba àyà ènìyàn kọjá fún ìgbà díẹ̀, ó lè da ìlù ọkàn rẹ̀ rú, kí ó sì pa á. Gílóòbù àtijọ́ kan ṣoṣo tí ó jẹ́ 60 wáàtì ń lò ju ìlọ́po mẹ́jọ èyí lọ. Fíùsì tí a ń fi sí ojú ọ̀nà iná àjà sì sábà máa ń jẹ́ 5 áńpíà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé, “Bí iná bá gbé mi, fíùsì yóò já.” Fíùsì wà láti dá ilé sí, kí wáyà má baà gbóná kí ó sì dáná sílé. Kò wà láti dá ènìyàn sí.

Ohun mẹ́ta ni ó máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ nínú iṣẹ́ yìí. Èkíní ni súwíìṣì ara ògiri, mo sì ti sọ ti ìyẹn. Kò burú kí ẹ pa á, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe fi ẹ̀mí yín tẹ̀ ẹ́.

Èkejì ni àìsí iná. Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ó wọ́pọ̀ kí a gbọ́ kí ènìyàn wí pé, “Wọ́n ti mú iná lọ, ẹ jẹ́ kí n yára tún un ṣe.” Ìjọba dá ilé-iṣẹ́ ECN sílẹ̀ ní 1950, ó di NEPA ní 1972, ó di PHCN ní 2005, àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni sì gba iṣẹ́ pínpín iná ní 2013. Orúkọ ń yí padà, ṣùgbọ́n NEPA náà ni a ṣì ń pè é nílé, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó mú iná lọ kò sọ ìṣẹ́jú tí yóò mú un padà dé. Kí àwọn ọmọ àdúgbò tó pariwo “Ọ́ọ̀pù NEPA!” dé etí yín, ọwọ́ yín ti wà lára wáyà. Yàtọ̀ sí èyí, ilé tí kò ní iná NEPA lè ní iná ẹ̀rọ amúnáwá, tàbí iná ínfátà àti ti sólà tí bátìrì ń gbé wá láìpariwo. Àìsí iná yàtọ̀ sí pípa iná. Iná tí ẹ fi ọwọ́ ara yín pa, tí ẹ sì mọ ibi tí ẹ ti pa á, òun nìkan ni ẹ lè fọkàn sí.

Ẹ̀kẹta ni àwọ̀ wáyà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ̀ pé láìfù ni pupa, níútírà ni dúdú, àwọ̀ ewé sì ni wáyà tí ó wọ ilẹ̀ lọ, èyí tí a ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ ilé wa àtijọ́ nìyẹn, nítorí ọwọ́ àwọn Òyìnbó ilẹ̀ Bìrìtìkó ni a ti gba ìlànà náà. Ṣùgbọ́n ní 2004 àwọn Òyìnbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa á dà láti bá àwọn ará Yúróòpù yòókù dọ́gba, nígbà tí ó sì di 2006, wọ́n ti fi ti àtijọ́ sílẹ̀ pátápátá fún iṣẹ́ tuntun. Láìfù di àwọ̀ ilẹ̀ tí a ń pè ní búráùn, níútírà di búlúù, ẹ́ẹ̀tì sì di àwọ̀ ewé tí ó ní ìlà yẹ́lò. Wáyà irú méjèèjì ni ó wà lọ́jà wa. Nínú ilé kan náà, pálọ̀ lè jẹ́ ti àtijọ́, kí yàrá tí a fi kún un lẹ́yìn sì jẹ́ ti tuntun.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí ó léwu jù. Ní ti ilé tí wáyà iná mẹ́ta ń wọ̀, àwọn tí a ń pè ní féèsì, búlúù wà lára láìfù mẹ́ta nínú ìlànà àtijọ́, dúdú sì ni níútírà. Nínú ìlànà tuntun, búlúù ni níútírà, dúdú sì ti wà lára àwọn láìfù. Wọ́n ti ṣe pàṣípààrọ̀! Wáyà tí bàbá mọ̀ sí aláìléwu ni ó lè pa ọmọ. A kò sì tí ì sọ ti oníṣẹ́ iná tí wáyà pupa tán lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó fi èyí tí ó kù nílẹ̀ parí iṣẹ́. Àwọ̀ wáyà dà bí aṣọ tí ènìyàn wọ̀: ó lè jẹ́ kí a fura sí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí.

Bí ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí bá ń tan ni jẹ, báwo ni kí a ti ṣe é? Ẹ jẹ́ kí a tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Lákọ̀ọ́kọ́, ojúmọmọ ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí iná bá wà. Mo mọ̀ pé èyí yóò ya àwọn kan lẹ́nu. Ìdí rẹ̀ nìyí: bí iná bá wà, ẹ óò tan gílóòbù náà, ẹ óò sì rí i pé ó ń tàn. Ẹ óò wá mú tẹ́sítà yín, irú èyí tí gílóòbù kékeré wà nínú rẹ̀, ẹ óò fi dán ibi tí iná wà wò, kí ẹ lè mọ̀ pé tẹ́sítà náà ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá fi tẹ́sítà dán wáyà wò nígbà tí NEPA ti mú iná lọ, kò mọ nǹkan kan. Tẹ́sítà kò tàn nítorí pé iná kò sí ní ìlú, kì í ṣe nítorí pé ó ti pa á.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ síbi súwíìṣì ńlá tí ó wà lẹ́bàá mítà, kí ẹ sì pa á. Bí ilé bá ní ṣéńjì-ófà, ẹ gbé e sí àárín, níbi tí kò ti bá NEPA lọ, tí kò sì bá ẹ̀rọ amúnáwá lọ. Bí ínfátà bá wà, ẹ pa òun náà. Bí ó bá jẹ́ fíùsì tí a ń fà yọ ni, ẹ fà á yọ kí ẹ fi í sínú àpò yín. Ẹ má ṣe fi í sí orí mítà, nítorí ẹlòmíràn lè fi inú rere dá a padà. Ẹ wá wo gílóòbù tí ó ń tàn lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ó ti kú? Ó dára. Ẹ wá fi ẹnìkan sí ibi súwíìṣì ńlá, kí ó jókòó tì í, kí ó má sì kúrò níbẹ̀ títí ẹ ó fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ tiyín nìyí. Kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé láti gun òkè tàbí láti fi ọwọ́ kan wáyà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣọ́ súwíìṣì ni ẹ̀mí ẹni tí ó wà lókè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá dé, bí àlejò bá dé, tí ó ní òun fẹ́ tan iná, ẹ sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tàn án, Bàbá wà lókè.”

Àkàbà onígi tí ó dúró dáadáa ni kí ẹ gùn, kì í ṣe àga lórí tábìlì bíi tèmi. Kí ẹsẹ̀ yín gbẹ, kí ó sì wà nínú bàtà onírọ́bà. Bí ẹ bá tú ìdérí, ẹ má ṣe tíì fi ọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ fi ẹnu tẹ́sítà kan orí wáyà kọ̀ọ̀kan tí ó wà níbẹ̀, pupa àti dúdú àti ohun gbogbo. Bí ọ̀kan bá mú tẹ́sítà tàn, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀nà mìíràn wà tí iná ń gbà wọ ilé náà. Ó lè jẹ́ wáyà tí a fà láti ilé aládùúgbò, ó sì lè jẹ́ féèsì mìíràn. Iṣẹ́ náà ti kúrò ní tiyín nìyẹn. Ẹ pe oníṣẹ́ iná.

Bí kò bá sí èyí tí ó tàn, ẹ má ṣe tíì tú nǹkan kan. Ẹ fi fóònù ya àwòrán bí wáyà ti wà. Ẹni tí kò bá ní irú fóònù bẹ́ẹ̀, kí ó yà á sórí ìwé. Ẹ gé bébà pélébé-pélébé, ẹ kọ nọ́ńbà sí i, kí ẹ so ó mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ óò lò síbẹ̀ yóò gbà yín lọ́wọ́ odidi ọjọ́ kan ìdààmú.

Ìdààmú wo? Èyí tí ó ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí wọ́n bá rí i pé wáyà tí ó wà lókè kì í ṣe méjì. Wọ́n lè jẹ́ mẹ́rin, wọ́n lè jẹ́ mẹ́fà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, iná kì í ti ibi fíùsì wá tààrà sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Àjà dé àjà ni ó ń gbà, bí ìgbà tí a ń gbé ìròyìn láti ilé dé ilé. Nítorí náà ẹ lè bá oríṣi wáyà mẹ́ta lókè. Àwọn kan ń gbé iná wá láti yàrá tí ó ṣáájú. Àwọn kan ń gbé e lọ sí yàrá tí ó kàn. Àwọn yòókù sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi súwíìṣì: ọ̀kan ń gbé iná lọ bá súwíìṣì, ìkejì ń gbé e bọ̀ wá sí gílóòbù. Ìkejì yìí ni ọ̀gá wàhálà. Láìfù ni nígbàkúùgbà tí a bá tan súwíìṣì, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé, dúdú ni àwọ̀ rẹ̀, nítorí pé wáyà oníméjì tí ó ní pupa kan àti dúdú kan ni wọ́n fi fà á.

Nísinsìnyí a lè sọ̀rọ̀ lórí àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀, àti bí a ti ń mọ̀ wọ́n.

Àṣìṣe kìíní: ẹ so iná tuntun tán, ẹ dá fíùsì padà, kò sí ohun tí ó ṣe, ṣùgbọ́n bí ẹ ti tan súwíìṣì ara ògiri, gbàù! Fíùsì já. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ kó gbogbo pupa jọ sójú kan, ẹ kó gbogbo dúdú jọ sójú kan. Dúdú tí ó ti ibi súwíìṣì bọ̀ wà láàárín àwọn níútírà. Bí ẹ ti tan súwíìṣì, láìfù àti níútírà pàdé lójúkojú láìsí gílóòbù láàárín wọn. Ẹ má ṣe fi fíùsì tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀, ẹ má sì fi okùn wáyà lásán dí i! Ẹ pa iná, ẹ wo àwòrán yín, ẹ yọ dúdú ti súwíìṣì kúrò láàárín àwọn yòókù, kí ẹ so ó mọ́ ẹnu láìfù lára iná tuntun. Kí ẹ wá fi téèpù pupa wé e, kí ẹni tí yóò gun òkè lọ́jọ́ mìíràn lè mọ̀ ọ́n.

Àṣìṣe kejì: iná tuntun ń tàn, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ti súwíìṣì. Tọ̀sán-tòru ni ó ń tàn. Ẹ ti so ó mọ́ láìfù tí ń lọ láti yàrá dé yàrá dípò wáyà tí ó ti ibi súwíìṣì bọ̀.

Àṣìṣe kẹta: iná pálọ̀ ń tàn dáadáa, ṣùgbọ́n yàrá méjì tí ó tẹ̀lé e ti ṣókùnkùn. Ẹ tú wáyà tí ń gbé iná lọ sọ́dọ̀ wọn, ẹ kò sì dá a padà, tàbí kí ó ti yọ ní ojú ìdè. Ẹ ti gé ìròyìn náà sí ilé kan; báwo ni ilé kejì yóò ti gbọ́?

Àṣìṣe kẹrin: súwíìṣì wà ní pípa, ṣùgbọ́n ní òru gílóòbù LED tuntun náà ń tàn bàìbàì bí ojú ológbò. Ẹ má ṣe rò pé iwin ni. Nígbà mìíràn, iná díẹ̀ tí ń ti ara wáyà kan ràn mọ́ èkejì nínú páìpù ni ó fà á, nítorí LED kò nílò ju ìwọ̀nba kékeré lọ láti tàn. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé ojú ọ̀nà níútírà ni súwíìṣì wà, gẹ́gẹ́ bí ti ilé mi. Gílóòbù àtijọ́ kì í jẹ́ kí a mọ̀. Bí ẹ bá rí irú ìtàn bàìbàì bẹ́ẹ̀, ẹ kà á sí ìkìlọ̀, kí ẹ pe oníṣẹ́ iná kí ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Àṣìṣe karùn-ún: gílóòbù kò tàn rárá, ṣùgbọ́n tẹ́sítà ń tàn lára wáyà méjèèjì. Ẹ̀rù máa ń ba ènìyàn, a ó ní, “Ṣé láìfù méjì ni?” Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n níútírà tí ó já níbì kan ni a sábà máa ń bá. Iná gba inú gílóòbù kọjá, kò rí ọ̀nà jáde, ó sì dúró sínú wáyà kejì. Ọkọ̀ kún Ọ̀bà, wọ́n kò rí Àkùngbá dé. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tí ó bá sọ pé, “Níútírà ni, kò lè ṣe mí ní nǹkan kan,” ń fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣeré.

Ó ku ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa síso tuntun náà. Bí ó bá jẹ́ gílóòbù tí a ń yí wọlé, ẹnu tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àárín ni kí láìfù lọ, kí níútírà sì lọ sí ara irin tí a ń yí gílóòbù sí, kí ó má baà jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tí ń yí gílóòbù ni yóò kan láìfù. Bí ara iná náà bá jẹ́ irin, ẹ gbọ́dọ̀ so wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Ẹ má ṣe gé e sọnù nítorí pé iná ń tàn láìsí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wáyà gbé ẹrù iná náà. Ara igi àjà tàbí ìkọ́ irin ni kí ẹ kàn án mọ́. Ojú ìdè kò sì gbọdọ̀ jẹ́ wáyà tí a lọ́ pọ̀ tí a wá fi téèpù wé lásán. Inú kọnẹ́tọ̀ ni kí ẹ fi wọ́n sí, kí ẹ dè wọ́n kí wọ́n le, nítorí ìdè tí kò le ni ó ń gbóná, ìdè tí ó ń gbóná ni ó sì ń jó àjà. Bí ẹ bá rí i pé ara wáyà àtijọ́ ti gbẹ, tí ó ń fọ́ bí èèpo ẹ̀pà nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ dúró níbẹ̀. Ooru gílóòbù àtijọ́ ni ó ti gbó o. Wáyà tuntun ni ó nílò.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, tí iná gbé ẹnìkan lójú yín, ẹ má ṣe dì í mú! Ẹni tí ó bá dì í mú, iná yóò gbé àwọn méjèèjì. Ẹ sáré lọ pa súwíìṣì ńlá. Bí ẹ kò bá rí i pa, ẹ dúró lórí pákó gbígbẹ, kí ẹ fi igi gbígbẹ tì í kúrò lára wáyà. Bí kò bá dáhùn tí kò sì mí, kí àgbàlagbà kan gbé ọwọ́ méjèèjì lé àárín àyà rẹ̀, kí ó máa tẹ̀ ẹ́ wọlé gidigidi, ní ìwọ̀n 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ẹlòmíràn ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kódà bí ó bá dìde tí ó ní kò sí nǹkan, ẹ mú un lọ kí dókítà wò ó.

Ẹ̀yin ará, n kò sọ èyí láti gba oúnjẹ lẹ́nu oníṣẹ́ iná. Bí ẹ bá ní iyèméjì, ẹ pè é. Kí ẹ sì bi í léèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀, nítorí àjọ NEMSA, tí òfin 2015 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ni ìjọba àpapọ̀ yan láti máa yẹ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ iná wò. Ẹ má ṣe tijú láti dúró tì í, kí ẹ bi í pé, “Ọ̀gá, ṣé ojú ọ̀nà láìfù ni súwíìṣì yìí wà?” Ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ kò ní í bínú. Inú rẹ̀ yóò dùn pé onílé mọ ohun tí ó yẹ kí ó béèrè.

Nínú ilé wa, a ti tún súwíìṣì náà ṣe. Ọmọ tí ó di ẹsẹ̀ àga mú ní ọjọ́ ọjọ́un ti dàgbà díẹ̀ sí i. Bí mo bá fẹ́ gun àkàbà nísinsìnyí, òun ni ó ń kọ́kọ́ lọ sí ibi mítà, tí ó ń na ọwọ́ sí mi láti gba fíùsì, tí ó sì ń fi í sínú àpò ṣòkòtò tirẹ̀. Kò gbà kí n fi í sínú àpò tèmi. Ó ní òun kò gbẹ́kẹ̀ lé mi. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò bá a jiyàn.